Ìbéèrè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó fẹ́ ta ilé fún yín ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bó bá parọ́

Àbúrò ìyàwó mi ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù January ló lọ wò ó, ilẹ̀ gbẹ táútáú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé tán, ó ń dán gbinrin. Ó bi onílé bóyá omi máa ń wọlé, onílé ní rárá o, omi kì í dé àdúgbò yìí. Òjò July dé, omi mu ún dé ibi tí súwíìṣì iná wà lára ògiri. A gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé níbo la kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí. A ò kọ ọ́ síbì kankan. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wa lọ wo ilé, láti Òdogbolú títí dé Ṣàgámù, bí mo sì ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ní kí ẹni tó ń tà sọ. Lórílẹ̀-èdè wa, ẹni tó ń rà ni kó la ojú ẹ̀. Ògiri tó là tẹ́ ẹ fi ojú rí, òrùlé tó ń jò, kò di dandan kí onílé pe àkíyèsí yín sí i. Àmọ́ tó bá kan ẹni tó ni ilé, ọ̀rọ̀ yí padà, ohun tó bá mọ̀ tí ojú yín ò lè rí, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́: bí ìwé ilé bá wà ní báńkì nítorí owó tó yá, bí ẹjọ́ bá wà lórí ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, bí àwọn àbúrò ẹ̀ bá ní ìpín níbẹ̀, bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ náà. Ní ti ara ilé, tó bá dákẹ́, òfin lè má mú un, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi í tó parọ́, tàbí tó sọ ìdajì òótọ́ tó fi ìdajì tó kù pamọ́, òfin mú un. Tó bá fi simẹ́ǹtì àti pẹ́ńtì di ojú ibi tó là kẹ́ ẹ má baà rí i, jìbìtì nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé ẹnu ìbéèrè ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ìwé ilé, ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà onílé o. Sọfíyọ̀, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀, á bá yín fi nọ́ńbà inú sàfé (ìwé tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sí) yẹ ilẹ̀ náà wò ní Abẹ́òkúta bóyá ìjọba ti gbà á. Ẹ má fi ṣe àfojúdi rárá, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ àti lápá Ìlíṣàn àti Ìpẹru tí wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sí. Ẹ yẹ kọ́ọ̀tù náà wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, torí ẹni tó bá ra ilé tí ẹjọ́ wà lórí ẹ̀ ti ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

Ilé ẹbí ló máa ń ká àwọn èèyàn lọ́wọ́ mọ́ jù lápá ọ̀dọ̀ wa. Bí bàbá bá kú tí ò ṣe wíìlì, ilé tó fi sílẹ̀ lábẹ́ àṣà wa ti di ti gbogbo ọmọ, ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Táwọn ọmọ bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà yẹn. Tí olórí ẹbí bá dá tà á láìsọ fáwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí kọ́ọ̀tù fagi lé títà náà. Tèmi ni pé olórí ẹbí á fọwọ́ sí i, ẹnì kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí i, màá sì ya gbogbo wọn ní fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

Ilé wíwò, ọjọ́ òjò ni kẹ́ ẹ lọ. Tí òjò ò bá sí, ẹ wo fẹ́ǹsì aládùúgbò, torí onílé ò ní lè kun ìyẹn, ẹ máa rí ìlà pupa ibi tí omi dé. Ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà lójúde. Mo máa ń mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dání, ibi tó bá là lára ògiri ni mo máa ń tì í bọ̀, tó bá wọlé ju ìka mi lọ, mo máa ń pe bíríkìlà kó wá wò ó.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ la dé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń béèrè. Ojú máa ń tì wọ́n, wọ́n á ní àgbàlagbà ni onílé, ṣé wọ́n á wá ní kí bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ ni? Kò sí àrífín níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n má baà gbàgbé, ẹ bá mi dá àwọn ìbéèrè yìí lóhùn lórí WhatsApp." Kó jẹ́ onílé fúnra ẹ̀ ló máa dáhùn, ẹ má gba ti èjẹ́ǹtì, torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, onílé á ní òun ò rán an níṣẹ́. Ẹ má béèrè pé "ṣé ilé yìí dáa?" Ó máa ní ó dáa, kò sì sí kọ́ọ̀tù tó máa fi "ó dáa" mú ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè báyìí:

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbé ibí, ṣé omi òjò ti wọ inú ilé yìí rí? Ọdún wo?"
"Ta ló tún ní ìpín nínú ilé yìí yàtọ̀ sí yín?"
"Ṣé ẹ ti fi ìwé ilé yìí yá owó níbì kankan?"
"Ayálégbé mélòó ló wà níbẹ̀, títí oṣù wo ni wọ́n san owó dé?"
"Ṣé ẹnikẹ́ni ti pè yín lẹ́jọ́ lórí ẹ̀, tàbí kọ ìwé sí yín?"

Ìkọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa fi wọ́n ránṣẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi márùn-ún ránṣẹ́ pọ̀, ó máa dáhùn méjì tó rọrùn. Tó bá fi vóìsì nóòtì dáhùn, ẹ tẹ ohun tó sọ jáde padà sí i, kẹ́ ẹ ní "ṣé bẹ́ẹ̀ ni sà?", kó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹni tó ti gbénú ilé fún ogún ọdún tó ní òun ò mọ̀ bóyá omi ń wọlé, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, èmi ò kì í ra ilé ẹ̀, bó ti wù kó wù mí tó. Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà yín fi àwọn ìdáhùn náà sínú àgírímẹ́ǹtì, kó kọ ọ́ pé òótọ́ ni onílé ní wọ́n jẹ́, àti pé tí wọn ò bá rí bẹ́ẹ̀, òun lòun máa san gbèsè ẹ̀.

Owó, báńkì ni kẹ́ ẹ fi san án, sí orúkọ tó wà lórí ìwé ilé gan-an. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ títí ayálégbé á fi jáde tí kọ́kọ́rọ́ á fi dé ọwọ́ yín. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí onílé fọwọ́ sí ìwé tẹ́ ẹ máa fi gba ìfọwọ́sí gómìnà kó tó gba owó tó kù, torí Land Use Act ti 1978 ò ka títà sí láìsí ìfọwọ́sí yẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ó parọ́ ńkọ́? Tẹ́ ò bá tíì san owó tán, ẹ dúró síbẹ̀, kí lọ́yà kọ̀wé pé ẹ ò rà mọ́, ẹ fẹ́ gba owó yín. Tẹ́ ẹ bá ti san án tán, ẹ má kun ilé náà, ẹ má fi ayálégbé sí i, torí kọ́ọ̀tù lè sọ pé ẹ ti mọ̀, ẹ sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé kíákíá. Kọ́ọ̀tù lè tú títà náà ká, kẹ́ ẹ dá ilé padà kẹ́ ẹ gba owó yín, tàbí kẹ́ ẹ di ilé mú kí onílé san owó ìbàjẹ́. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ fi ọlọ́pàá mú un. Police Act ti 2020 ti ní kí ọlọ́pàá má mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ilé onílé ló tà fún yín, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló ta ilé kan náà, ọ̀daràn ni, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ EFCC. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni òfin jìbìtì ti 2006 là kalẹ̀ fún un, kò sì fi àyè owó ìtanràn sílẹ̀.

Kọ́ọ̀tù máa ń gba ọ̀rọ̀ orí WhatsApp lábẹ́ Evidence Act ti 2011, àmọ́ ó nílò ìwé ẹ̀rí nípa fóònù tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá. Torí ẹ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n síta sórí pépà lọ́jọ́ tó bá dáhùn, kẹ́ ẹ sì má ta fóònù yẹn, ẹ má gbé e fún ọmọ lò.