Ilẹ̀ tí ò wọ́n kọ́ ni ilẹ̀ tó dáa: àṣìṣe táwọn èèyàn ń ṣe tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ilé iṣẹ́ sí

Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí ló dé tí ilé iṣẹ́ wọn fi wà níbi tó wà, ẹ máa gbọ́ pé ilẹ̀ bàbá wọn ni, tàbí pé rẹ́ǹtì ibẹ̀ ò wọ́n, tàbí pé ẹ̀gbọ́n wọn kan ló bá wọn rí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa sọ pé àwọn jókòó ṣírò ẹrù tó máa máa wọlé àti èyí tó máa máa jáde, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lowó ń bá lọ.

Ẹ mú ti gààrí. Ẹnì kan á rí i pé Èkó ni ọjà gààrí ti yá, á wá gba ilé ńlá sí Muṣin, pé òun á máa kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ọ̀yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ̀gẹ́ tútù tọ́ọ̀nù 4 sí 5 ló ń di gààrí tọ́ọ̀nù 1, omi àti èèpo ló kó ìyókù lọ, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá sanwó lọ́ọ̀rì 5 dé Èkó, ẹrù bíi lọ́ọ̀rì kan péré lẹ máa rí tà níbẹ̀, ẹ tún máa wá sanwó fún ẹni tó máa bá yín kó èèpo dànù, nígbà tó jẹ́ pé lóko, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ á wá kó o fúnra wọn. Kò tíì tán o. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá mú lọ́ọ̀rì mọ́ orí bíríìjì Kárà, ẹ ti mọ ìyókù. Ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹ̀gẹ́ lóko, gààrí tó ti gbẹ ni kẹ́ ẹ máa gbé wọ Èkó. Ohun tó gbé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì dé Ewékorò láti 1960 náà nìyẹn, àpáta ẹfun wà nílẹ̀ ibẹ̀, ó wúwo, tí wọ́n bá sì ti sun ún ó máa ń fúyẹ́ gan-an, ta ló fẹ́ sanwó kó máa gbé ohun tó máa bá èéfín lọ?

Àmọ́ ẹ má wá sọ ọ́ di òfin pé etí oko ló dáa fún gbogbo nǹkan. Búrẹ́dì yàtọ̀. Àpò fúláwà kì í gba àyè, ó sì lè wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀, àmọ́ tó bá ti di búrẹ́dì, ó ti wú, ó ti gba gbogbo inú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn sì fẹ́ ẹ ní gbígbóná. Àárín àwọn tó ń jẹ ẹ́ ni bẹ́kàrì gbọ́dọ̀ wà. Píọ̀ wọ́tà náà ńkọ́? Àpò kan ń lọ sí bíi kílò 10, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan, tẹ́ ẹ bá gbé e rìn jìnnà, epo ọkọ̀ á jẹ èrè tán.

Àwọn tó ti ka nǹkan díẹ̀ nípa bísínẹ́ẹ̀sì máa ń fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì: ọ̀nà, omi, iná, òṣìṣẹ́, ààbò, owó ilẹ̀, wọ́n á kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe pàtàkì tó, wọ́n á sì ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà tó dáa ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀gá á ti yan ibi tó wù ú lọ́kàn, á wá máa yí máàkì títí ibẹ̀ á fi gbégbá orókè. Kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kankan ni kẹ́ ẹ ti pinnu ohun tó ṣe pàtàkì jù, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ yí i padà mọ́. Àwọn nǹkan kan sì wà tí máàkì ò lè bò: ibi tí omi ò sí lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ ṣe píọ̀ wọ́tà, tàbí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, ẹ má tiẹ̀ fún un ní máàkì rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ mú pláànù ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn, kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọmọ onílẹ̀ ò ní sọ fún yín.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì. Ká ní ibì kan ń gba mílíọ̀nù 3 lọ́dún, tí ẹrù kọ̀ọ̀kan sì ń ná yín ní ₦2,000 kó tó dé ọwọ́ kọ́sítọ́mà, ibòmíì ń gba mílíọ̀nù 1.2, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ burú, ẹrù kan ń di ₦2,600. Ẹrù 3,000 lọ́dún ni wọ́n ti dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ń tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tẹ́ ẹ pè ní ọ̀wọ́n yẹn ló dín owó. Ilẹ̀ bàbá yín náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, ẹ ka iye tẹ́ ẹ lè fi rẹ́ǹtì ẹ̀ síta mọ́ ọn.

Àwọn tó ń wá ibi ìkẹ́rùsí máa ń wo mápù kí wọ́n lè wà láàárín gbùngbùn àwọn oníbàárà wọn. Mápù ò sọ fún yín pé ọ̀sà ló wà láàárín Ìkòròdú àti Lẹ́kkí, lójú ẹ̀, ibi méjèèjì ò jìnnà síra, àmọ́ ọkọ̀ yín á lọ yí po kó tó débẹ̀. Ẹ wakọ̀ ọ̀nà náà fúnra yín, láàárọ̀ Mọ́ńdè, kì í ṣe Sọ́ńdè.

Ẹ má sì wo ilẹ̀ ní oṣù kejì kẹ́ ẹ wá sanwó lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ nígbà yẹn. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí wọ́n ń tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn máa ń kún dé apá Ìṣẹrí àti Àjẹgúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú. Ẹ bi àwọn màmá tó ń tajà ládùúgbò kí wọ́n fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn yín.

Àwọn míì ń sá fún ibi táwọn tó ń ta irú ọjà wọn pọ̀ sí. Sísá yẹn gan-an lè jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó ń wá páàtì mọ́tò á gba Ládípọ̀ lọ torí ó mọ̀ pé tí ò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù yìí á rí i ní ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Computer Village, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé àwọn á kó Computer Village lọ sí Katangowa, ẹni tó bá fẹ́ sanwó ọdún púpọ̀ níbẹ̀, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Iná ńkọ́? Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lọ́ńlọ́ọ̀dù gbọ́ pé Band A lẹ wà. Band A ni ìpele àwọn tí wọ́n ní iná wọn máa ń tó wákàtí 20 lójúmọ́, owó ẹ̀ sì ti fò sókè láti April 2024, ẹ bi aládùúgbò kó fi iye tó ń rà hàn yín, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá tiransifọ́mà ibẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rẹ́ǹtì, ẹ má gbẹ́ bóòhù, kẹ́ ẹ má da kọnkéré fún ẹ̀rọ lórí ìwé ọdún kan. Tí lọ́ńlọ́ọ̀dù bá ti rí i pé ẹ ò lè kó lọ mọ́, á fi owó lé owó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé: ó kéré tán ọdún 5, iye tí rẹ́ǹtì lè fi lé sí i, àti ẹni tó ni bóòhù yẹn tẹ́ ẹ bá ń kó jáde.