Bátìrì kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ni ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn, ti ń pọ̀ sí i ní Adó-Èkìtì. Prius, Camry, Lexus, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kì í jẹ epo púpọ̀, àwọn olùkọ́ àtàwọn oníṣòwò wa sì fẹ́ràn wọn. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe ní Ajílosùn, lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n fa ọkọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wá bá mi, kí ẹni tó ni ín máa káwọ́ lérí pé wọ́n ní kóun lọ wá owó bátìrì ńlá, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì 12 fóòtì (volt) lásán ló sùn.

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ hybrid. Ńlá ló ń bá ẹ́ńjìnnì ti ọkọ̀ rìn. Ti Prius 2004 sí 2015 jẹ́ 201.6 fóòtì. Kékeré jẹ́ 12 fóòtì bíi ti ọkọ̀ yòókù, àmọ́ òun kọ́ ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó tan iná, kó sì fa àwọn riléè, ìyẹn súìṣì tí iná ń fà, tó ń so bátìrì ńlá mọ́ ọkọ̀. Bí kékeré bá ti sùn, ńlá ìbáà kún dẹ́nu, kò wúlò. Ẹ má sì wá alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣáájì bátìrì nínú ọkọ̀ yòókù, níbẹ̀, kò sí. Bátìrì ńlá ló ń ṣáájì kékeré, ìgbà tí READY, àmì pé ọkọ̀ ti ṣetán láti rìn, bá hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló sì ń ṣe é.

Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa bátìrì wọn. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì láìtẹ bíréèkì, rédíò á máa dún, wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí ìsìn á fi parí. READY ò jáde rárá. Bátìrì kékeré ló ń dá gbogbo ẹrù yẹn gbé, ẹnikẹ́ni ò sì dá a padà fún un.

Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, rìmóòtù kò ní fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́, iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á ṣókùnkùn tàbí kó máa ṣẹ́jú, àmì ewu pupa lóríṣiríṣi á sì kún ojú rẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyẹn ló ń dẹ́rù bani. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, Prius rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà. Nígbà tó dé, ọkọ̀ ò dáhùn, ẹnì kan sì ti dá iye bátìrì ńlá lé e. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ irin tó wà nínú rìmóòtù, mo fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú àpótí fíúùsì, ìdérí pupa kékeré kan bo irin pọ́sítíìfù mọ́lẹ̀. Mo fi wáyà pupa mítà tó ń wọn fóòtì kan án, mo fi dúdú kan bóòtù irin ara ọkọ̀: 9.4 fóòtì. Mo ní, "Màmá, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó." Mo fún un níná láti ara ọkọ̀ tèmi, READY sì jáde. "Ọmọ mi, ṣé kò ju báyìí lọ ni?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, wáyà pupa láti pọ́sítíìfù bátìrì tó dára sórí irin abẹ́ ìdérí pupa yẹn. Dúdú láti nẹ́gétíìfù bátìrì tó dára sára bóòtù irin tí wọn ò kùn ní ọ̀dà. Tẹ bíréèkì, tẹ bọ́tìnnì, dúró de READY. Dúdú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Kò nílò bátìrì tó lágbára púpọ̀, torí kò sí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ yí. Ẹ wo pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi kàn án: bí ẹ bá fi ọ̀kan sípò èkejì, ẹ̀rọ tó wọ́n ju bátìrì lọ lè jóná. Ẹ má fi hybrid yín fún ọkọ̀ ẹlòmíràn níná. Wáyà tó bá ní àwọ̀ ọsàn, ẹ má fọwọ́ kàn án láé. Iná tó ń pani ló wà nínú rẹ̀.

Mítà kékeré kan tó fún ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí. Ẹ wọn bátìrì láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí nǹkan kan. 12.6 ti kún, 12.4 ṣì dáa, 12.2 ti dé ìdajì, bó bá ti wọ 12 sísàlẹ̀ ẹ wá ṣájà. Tí READY bá wà, ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bí 14. Bí kò bá gòkè, ẹ má ra bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń ṣáájì rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ rírà bátìrì tuntun ló ń ká mi lára jù. Inú búùtù ni ti Prius 2004 sí 2015 wà, inú ọkọ̀ kan náà tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ń mí sí. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi irú AGM sí i, tí wọ́n dì pa, tó sì ní rọ́bà tín-ín-rín tó ń gbé gáàsì jáde sábẹ́ ọkọ̀. Mo ń rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé bátìrì olómi sí nínú búùtù nítorí pé ó pọ́ọ́kú, láìsí rọ́bà. Gáàsì yẹn lè gbaná, ásíìdì rẹ̀ á sì jẹ irin àti wáyà tó wà níbẹ̀. Ẹ ra AGM tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mu, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n ki rọ́bà náà bọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣájà, ẹ bá a sọ pé kó rọra ṣáájì rẹ̀, kó má kọjá 14.7 fóòtì, kó má sì ṣí i bu ásíìdì sí i.

Sípánà 10 ló ń tú orí rẹ̀. Nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kẹ́ ẹ dè gbẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ má ti búùtù pa, iná ló ń ṣí i. Ẹ̀tù funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bá mú orí bátìrì, ẹ fi omi àti sódà ìyẹ̀fun (baking soda) fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi fásílíìnì díẹ̀ pa á. Ẹ fún irin tó dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, torí kòtò ojú ọ̀nà wa ń mì í, mímì yẹn ló sì ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Àwọn Benz kan náà ní bátìrì kejì, àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì lè ṣí dáadáa nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń pariwo nípa rẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún ibi tó wà, irú rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sì fi pààrọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí ọkọ̀. Kí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán tan READY fún bí wákàtí kan lọ́sẹ̀, kó fi jíà sí P, torí bátìrì ńlá kì í gba ṣáájì ní N. Ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n ti pa, nítorí ẹ́ńjìnnì lè dá ṣí nígbàkigbà, èéfín rẹ̀ sì ń pani.