Bí Mo Ṣe Tún CSS Ìkànnì Àǹtí Mi Kọ

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Mo ṣe ìkànnì fún wọn, àwòrán aṣọ méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. CSS, èdè tí a fi ń sọ bí ojú ìkànnì ṣe máa rí, ni mo fi tò wọ́n: flexbox ló tò wọ́n sí ìlà, gap ló sì fi àlàfo sáàárín wọn. Ó dára gan-an lórí fóònù mi. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ìsọ̀, oníbàárà kan ṣí i lórí iPhone 6. Gbogbo aṣọ lẹ̀ mọ́ra, a ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" àǹtí mi bi mí.

"Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Mo kọ́kọ́ rò pé kí oníbàárà yẹn kàn lo Chrome. Ṣùgbọ́n WebKit (ohun tó ń sọ kóòdù di ojú ìkànnì) tó wà nídìí Safari náà ló wà nídìí Chrome lórí iPhone 6, ọ̀kan náà ni wọn. Fóònù yẹn ò sì lè kọjá iOS 12 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone, òun ló sì ń gbé Safari wá), nígbà tó jẹ́ pé Safari 14.1, ti oṣù kẹrin 2021, ló kọ́kọ́ mọ gap nínú flexbox.

Ibi tó dá mi dúró jù nìyí: mo fi @supports (gap: 1rem), ìlà CSS tó ń bi ẹ̀rọ bóyá ó mọ nǹkan, yẹ̀ ẹ́ wò, fóònù ní òun mọ̀ ọ́n. Kò purọ́. Ó mọ gap nínú grid, ọ̀nà CSS mìíràn tó ń to nǹkan sí ìlà àti òpó, kò mọ̀ ọ́n nínú flexbox, @supports ò sì lè bi í pé nínú èwo. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú grid.

Ó ku àwọn tó ń fi Opera Mini ṣọ́ dátà lò, torí òun ò mọ grid. Ohun tí ẹ̀rọ aṣàwákiri ò bá mọ̀ nínú CSS, ńṣe ló máa fò ó. Nítorí náà mo kọ ti àtijọ́ ṣáájú: float: left tó ń fa aṣọ sápá òsì, width: 48% fún fífẹ̀ rẹ̀, margin: 1% fún àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ grid sínú @supports (display: grid). Float ò dí grid lọ́wọ́, àmọ́ nínú @supports yẹn, ẹ dá width padà sí auto, kó lè fẹ̀ tó àyè rẹ̀, kí ẹ sì sọ margin di 0. Mo gbàgbé width, aṣọ kọ̀ọ̀kan ò sì tó ìdajì àyè rẹ̀.

Mo tún rí i pé line-height: 1 (gíga ìlà ọ̀rọ̀) pẹ̀lú overflow: hidden (tó ń fi ohun tó bá yọ síta pamọ́) ń gé àmì abẹ́ ọ àti ẹ dànù lára orúkọ aṣọ. Ó dùn mí. Mo sọ line-height di 1.5.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a yá fóònù mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìsọ̀, a ṣí i lórí gbogbo wọn. Àǹtí mi wò ó títí, wọ́n ní kí n wá ya àwòrán àwọn àdìrẹ tó kù.