Ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ epo: ìtọ́sọ́nà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrù oko wọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Akínyẹlé, Ìdó àti Lálúpọn, mi ò ní kọ́ yín ní mọ́tò wíwà, ẹ ti mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, epo tí iye tíjọba fi lé e ò tó ₦200 lítà kan tẹ́lẹ̀, gbogbo yín lẹ̀ ń pariwo pé èrè tòmátì ti wọnú táǹkì lọ, síbẹ̀ àṣìṣe kan náà ni mo ṣì ń rí: ẹ máa tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ gbàà, ká tó ṣẹ́jú ẹ ti tún tẹ búréèkì.

Mo jókòó síwájú píkọ́ọ̀pù kan láti Mọníyà lọ Bódìjà. Láàárín Òjóò sí géètì UI nìkan, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni dírẹ́bà tẹ búréèkì gan-an, bẹ́ẹ̀ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni o, ẹ̀yìn Micra kan náà la wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tá a débẹ̀ omi tòmátì ti ń kán lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ń lé?

Nínú gó-siló, ìwàkuwà yìí lè gé ibi tí epo yín yẹ kó gbé yín dé kù ní ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, lójú ọ̀nà márosẹ̀ 15 sí 30.

Tẹ́ ẹ bá ń gbéra, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 5 kẹ́ ẹ tó dé 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fàyè sílẹ̀ níwájú, tẹ́ ẹ bá ti rí iná búréèkì ẹni iwájú, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kó máa yí lọ fúnra ẹ̀. Ẹ má fi sí fírì tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè Mọ́kọ́lá, inú jíà ni kó wà, mọ́tò oní-injector á gé epo fúnra ẹ̀. Ní márosẹ̀, ẹ má kọjá 80. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dúró de alábàárù tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ẹ pa á tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan ìdúró lásán lè jẹ lítà 1 sí 2! Ẹ wọn atẹ́gùn táyà lóṣooṣù.

Tí dírẹ́bà yín bá ní irọ́ ni, ẹ kún táǹkì dẹ́nu, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kó wà á bó ṣe ń wà á fọ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún un kún, kẹ́ ẹ fi lítà tó wọ̀ ọ́ pín kìlómítà tó rìn. Ọ̀sẹ̀ kejì kó wà á bí ẹni tó gbé kiréètì ẹyin sẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà, filling station kan náà o, torí pọ́ńpù wọn ò dọ́gba.