Àwọn àṣìṣe tó ń ba ìbéèrè PIP jẹ́ fún ẹni tí àìlera ọpọlọ ń bá fínra

“A dúpẹ́, ara le.” Bí wọ́n bá kí ọmọ Yorùbá, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kódà bí kò bá tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ìkíni, ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú àyẹ̀wò PIP, ó lè di ẹ̀rí lòdì sí ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le, pé ó ń fèsì dáadáa, pé kò jọ ẹni tí ìpayà bá.

PIP (Personal Independence Payment) ni owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àléébù ara ń dí lọ́wọ́, láti ọmọ ọdún 16 títí dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò DLA (Disability Living Allowance), owó àìlera tó wà ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gbà á, ẹni tó ní owó ní báńkì náà lè gbà á. Àìlera ọpọlọ wà nínú rẹ̀ gbangba: ìrẹ̀wẹ̀sì tó jinlẹ̀, bipolar (inú tó ń dùn kọjá ààlà, tó tún ń bàjẹ́ gidi), schizophrenia (bíi gbígbọ́ ohùn tí kò sí), PTSD (ìpayà tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú), ìpayà tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jáde nílé. Apá méjì ló ní, ìgbé ayé ojoojúmọ́ àti ìrìn. Wọ́n ń fúnni ní máàkì lórí bí àìlera ṣe ń díni lọ́wọ́ tó: máàkì 8 ní apá kan ló ń mú owó kékeré wá, 12 ló ń mú èyí tó tóbi wá. Láàárín oṣù kẹrin 2025 sí oṣù kẹrin 2026, £73.90 tàbí £110.40 ni ti ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ́sẹ̀ kan, £29.20 tàbí £77.05 sì ni ti ìrìn. (Ní Scotland, Adult Disability Payment ló wà dípò rẹ̀, ìlànà méjèèjì sì jọra púpọ̀.)

Kí ẹ tó gbé fóònù láti béèrè PIP, ẹ wo físà yín

Èyí ló léwu jù fún àwọn ènìyàn wa, àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í sábà fi í ṣíwájú. Bí wọ́n bá kọ “no recourse to public funds” (pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba) sára ìwé ìgbélùú yín, PIP wà lára owó tí wọ́n kà léèwọ̀ fún yín. Bí ẹ bá gbà á, ó lè ba físà jẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà tàbí olùdámọ̀ràn tó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Ohun mìíràn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì ó kéré tán nínú ọdún mẹ́ta tó kọjá. Ẹni tí ìjọba ti fún ní ààbò gẹ́gẹ́ bí refugee kò sí lábẹ́ òfin ọdún méjì yẹn.

Kíkọ orúkọ àìsàn, kí a sì rò pé ó tán

Kò sí máàkì kankan fún orúkọ àìsàn. Ẹni méjì lè ní schizophrenia kan náà, kí ọ̀kan gba 12, kí èkejì má gba nǹkan kan. Iṣẹ́ 12 ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè PIP ń béèrè nípa rẹ̀: oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, lílo oògùn, ìwẹ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wíwọṣọ, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, bíbá ènìyàn ṣe pọ̀, ìnáwó, mímọ ọ̀nà dé ibi tí à ń lọ, àti fífi ẹsẹ̀ rìn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tí ẹ nílò látọ̀dọ̀ ènìyàn mìíràn, iye ìgbà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ rèé: “Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń mú mi, nígbà mìíràn kì í wù mí láti wẹ̀.” Kò sí iye, kò sí ènìyàn, kò sí àbájáde. Èyí tó lè gba máàkì rèé: “Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ márùn-ún ni mi ò lè dìde lọ wẹ̀ àyàfi tí ìyàwó mi bá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, tó sì bá mi tan omi. Nígbà tó rìnrìn àjò lóṣù kejì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò láìwẹ̀, abẹ́ apá mi sì bó.” Máàkì 2 ni ìránnilétí tàbí ìgbaniníyànjú ń mú wá níbẹ̀. Ó mú 2 wá fún wíwọṣọ, ó mú 2 wá fún oúnjẹ sísè. Bí ẹnì kan bá sì gbọ́dọ̀ dúró tì yín nídìí sítóòfù nítorí pé ohùn tí ẹ ń gbọ́ máa ń jẹ́ kí ẹ gbàgbé iná títí ìkòkò fi jó, 4 ni. Díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni 8 fi ń pé.

Nínú ilé Yorùbá, ìrànlọ́wọ́ kì í ní orúkọ. Ìyá ń sè, ẹ̀gbọ́n ń san owó iná, àbúrò ń gbé oògùn wá pẹ̀lú omi, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ìtọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù á ní òun ò nílò ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ jókòó pẹ̀lú ará ilé, kí ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún yín lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó ń dá gbé kò pàdánù nǹkan kan níbí: ìrànlọ́wọ́ tí ẹ nílò ni òfin ń wò, bóyá ẹ rí ẹni ṣe é tàbí ẹ ò rí.

“Mo lè ṣe é” nígbà tí ẹ ò lè ṣe é dáadáa

Òfin kò gbà pé ènìyàn lè ṣe nǹkan àyàfi tó bá lè ṣe é láìséwu, kó ṣe é dé ìwọ̀n tó bójú mu, kó lè tún un ṣe iye ìgbà tó yẹ, kó má sì gbà á ju ìlọ́po méjì àkókò tó ń gba ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ ò lè ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú ilé ìwẹ̀ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ pé òun ti mọ́ kò gbọdọ̀ kọ pé òun ń dá wẹ̀ láìsí wàhálà.

Àìlera ọpọlọ a máa lọ sókè-sódò. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ju ìdajì lọ nínú ọjọ́, lórí oṣù mẹ́ta tó kọjá àti mẹ́sàn-án tó ń bọ̀. Nítorí náà, “nígbà mìíràn” kò wúlò lórí fọ́ọ̀mù yìí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣàkọsílẹ̀ lójoojúmọ́, ìlà méjì péré: ẹ jẹun? ẹ wẹ̀? ẹ jáde? ta ló ràn yín lọ́wọ́? Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Ríro pé ti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn nìkan ni apá ìrìn

Àìmọye ènìyàn ló ń fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ gbà yín níyànjú kí ẹ tó lè jáde, nítorí ìpayà tó bò yín mọ́lẹ̀, máàkì 4 ni. Bí ẹ ò bá lè tọ ọ̀nà tí ẹ ò mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ̀ lé yín, 10 ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ mọ̀ pàápàá, bí èyí tó lọ sí ìsọ̀ tó wà nítòsí, 12 ni. Ní 2017 ìjọba yí òfin padà láti yọ ìpayà ọkàn kúrò nínú àwọn máàkì tó ga wọ̀nyẹn. Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba kò sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: bọ́ọ̀sì tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé, ibi tí ẹ dúró sí tí ẹ̀mí yín ń há, ẹni tí ẹ pè kó wá mú yín.

Bíbá ènìyàn ṣe pọ̀ náà ń jìyà irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀. Ìgbaniníyànjú ń gba 2 níbẹ̀, ìtìlẹ́yìn ẹni tó mọ bí a ṣe ń ràn yín lọ́wọ́ láàárín ènìyàn ń gba 4. Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ti ṣàlàyé ní oṣù keje 2019 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, tí ó bá jẹ́ pé mímọ̀ tó mọ̀ yín ló jẹ́ kó lè ṣe é.

Lẹ́tà tó pọ̀ tí kò sọ nǹkan kan

Ogójì ojú ewé ìwé ìpàdé ọsibítù kò tó lẹ́tà kan ṣoṣo tó sọ ohun tí ẹ ò lè ṣe. Ẹ má retí pé DWP, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó PIP, máa kàn sí dókítà yín. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà, ẹ fún nọ́ọ̀sì tàbí GP ní àkójọ iṣẹ́ 12 náà, kó sọ̀rọ̀ lórí èyí tó mọ̀. Olùṣọ́àgùntàn tàbí ààfáà tó ti wá gbé yín nílé lóru lè kọ̀wé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kó kọ ohun tó fojú rí àti ọjọ́ tó rí i. Pé ẹ jẹ́ ẹni rere kò ràn yín lọ́wọ́ níbí. Bí ẹ kò bá lo oògùn, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè rò pé àìsàn náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ìlà ìdúró fún ìtọ́jú tó gùn, ìbẹ̀rù ojú ayé: gbogbo rẹ̀ ni ìdí.

Lẹ́tà tí a kò ṣí

Oṣù kan ni fọ́ọ̀mù ní láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, owó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ pè wọ́n. Àìsàn yìí gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn lè ṣí lẹ́tà. Ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè, ẹ sọ fún DWP pé àìlera ọpọlọ ni, pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ láti parí ìbéèrè náà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí fáìlì yín. Ẹ béèrè àfikún ọjọ́ kí oṣù tó pé. Bí ẹni náà kò bá lè bójú tó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rárá, ẹbí lè ní kí DWP yan òun gẹ́gẹ́ bí appointee, ẹni tí á máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà lórúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń wáyé, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń bi yín kò rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ náà pé kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n pèsè ògbufọ̀, ẹ má lo ọmọ yín. Ohun tí ẹ ò ní lè sọ lójú ọmọ ni wọ́n máa bi yín, títí kan èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yín tó bá di ti àpẹẹrẹ àìsàn. “Orí mi ń gbóná,” “ọkàn mi ń já,” “nǹkan ń rìn ní orí mi”: láàárín wa, ìdààmú ọkàn ni a mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n bá tú u ní ṣákálá, ẹ̀fọ́rí ni wọ́n máa kọ. Ẹ fi ohun tó tẹ̀ lé e kún un: orí ń gbóná, mo wá ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi fún ọjọ́ méjì, mi ò jẹun. Ìbéèrè wẹ́wẹ́ bíi “Báwo lẹ ṣe dé ibí?” tàbí “Ṣé ẹ máa ń wa mọ́tò?” kì í ṣe ìtàkurọ̀sọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín ló gbé yín wá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Gbígba “rárá” bí ẹni gba ìdájọ́ Ọlọ́run

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ má tún ìbéèrè tuntun bẹ̀rẹ̀. Owó tó yẹ kí ẹ gbà láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè máa ṣègbé. Ẹ pè wọ́n fún ẹ̀dà ìjábọ̀ àyẹ̀wò náà. Láàárín oṣù kan, ẹ béèrè mandatory reconsideration (kí DWP tún ìpinnu náà wò) ní kíkọ, kí ẹ tọ́ka sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti máàkì tí ẹ rò pé ó tọ́. Ẹ mọ̀ pé gbogbo máàkì ni wọ́n máa tún wò, èyí tí wọ́n ti fún yín náà lè yí padà. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù kan mìíràn wà láti lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹni kan tó mọ̀ nípa àìlera. Ẹ ò san kọ́bọ̀. Ọdún ti ń gorí ọdún tí ó ju ìdajì lọ nínú ẹjọ́ PIP tó dé iwájú wọn tó ń járe. Citizens Advice, tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, àti Mind, àjọ tó ń ṣèrànwọ́ fún ẹni tó ní àìlera ọpọlọ, lè bá yín múra rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá ẹ máa fara hàn tàbí kí wọ́n dá a lórí ìwé, ẹ mú fífara hàn, kódà bó jẹ́ lórí fóònù, kí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ láti wẹ̀ láràárọ̀ sì wà pẹ̀lú yín.