Ìrírí mi: aràn ẹlẹ́mìí gígùn tó gbé ẹrù pamọ́ wá

Ìwé tó bá aràn náà dé láàbù sọ pé wọ́n ti gùn ún padà mọ́ N2, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi aràn N2, ìran tí kò ní ìyípadà, gùn ún kí ìyípadà tí a ò fẹ́ lè kúrò lára rẹ̀. Irọ́ ni. Owó agar, owó àwo, oṣù lórí oṣù tí mo fi ń ka òkú aràn, gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò, torí pé jíìnì tí mo ń wádìí kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀mí gígùn tí mò ń rí. Ìyípadà mìíràn tó fara pamọ́ sínú aràn náà ni, òun ni mò ń pè ní ẹrù.

C. elegans ni aràn náà, aràn tín-ín-tín kan tí wọ́n ń sìn ní láàbù. Ní 20°C, N2 kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ láyé. Láti 1993 tí Cynthia Kenyon àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé ìyípadà nínú jíìnì daf-2 nìkan ń sọ ẹ̀mí aràn di ìlọ́po méjì, kò sẹ́ni tó rí aràn tó pẹ́ láyé tí kì í fẹ́ kéde. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

Mi ò ní fi bí a ṣe ń ka ẹ̀mí aràn dá yín dúró. Ẹ fi wáyà platinum kan án nímú. Tí kò bá mi orí, ó ti kú nìyẹn. Èyí tó gun ògiri àwo lọ gbẹ, àtèyí tí ẹyin pa sínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ sì ṣekú pa, ẹ má kà wọ́n mọ́ òkú. Ẹ kọ wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kúrò.

Aró DiI ló tú àṣírí. Ẹ rẹ aràn sínú M9 (omi iyọ̀ tí a fi ń fọ aràn) tó ní DiI fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ gbé e padà sórí OP50, bakitéríà tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, kó fọ ikùn, kí ẹ wá wò ó lábẹ́ iná maikirosíkóòpù. Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára oríṣi mẹ́fà tan pupa lórí, ní méjì-méjì. Tèmi ò tan rárá. Jíìnì tí mò ń wádìí kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára, bẹ́ẹ̀ aràn tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá bà jẹ́ lára rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ láyé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lójú gbogbo ayé: ní 2011, ìwádìí fi hàn pé aràn olókìkí kan tó ní jíìnì sir-2.1 lápọ̀jù, ìyípadà mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Wọ́n gùn ún padà, ẹ̀mí gígùn náà sì lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni á fi máa fi aràn tí wọn ò gùn padà ránṣẹ́ síni?

Iṣẹ́ ìgùn padà náà fúnra rẹ̀ ò ṣòro. Akọ N2 mẹ́wàá, aṣakọṣabo méjì tó ní ìyípadà náà ní ìpele L4 (ìpele tó kẹ́yìn kí aràn tó dàgbà), OP50 kékeré báyìí láàárín àwo kí wọ́n má baà fọ́n ká. Tí bí ìdajì ọmọ bá jẹ́ akọ, ìgùn yẹn mú. Ẹ mú aṣakọṣabo nínú àwọn ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kó bímọ fúnra rẹ̀. Ìdá mẹ́rin kan àwọn ọmọ-ọmọ ló máa gba ìyípadà náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ yà wọ́n sí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, ẹ fi proteinase K, èròjà tó ń tú purotéènì, tú ìyá ní 65°C fún wákàtí kan, 95°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di PCR, iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀ ká lè mọ èyí tó gba ìyípadà.

PCR yìí ló fi ojú mi rí màbo. Ìyípadà tèmi, apá kan jíìnì náà ló já kúrò, ibi tó já sì tóbi. Primer (ègé DNA kékeré tí PCR ti ń bẹ̀rẹ̀) méjì tí wọ́n kọ sínú ìwé, ìta ibi tó já ni méjèèjì wà. Jíìnì tó já ń mú ìlà DNA kúkúrú wá, èyí tó pé ń mú ìlà gígùn wá, ìlà kúkúrú sì máa ń pọ̀ ju ìlà gígùn lọ nínú ọpọ́n. Nítorí náà, aràn tó gba ìyípadà láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á máa fi ìlà kúkúrú nìkan hàn lórí jẹ́ẹ̀lì, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti gbà á. Ẹ mú un, ẹ tọ́ ọmọ rẹ̀, ìran tó tẹ̀ lé e tún dàrú. Primer kẹta ló yanjú rẹ̀: inú ibi tó já gan-an ló máa jókòó sí. Bí ìlà tirẹ̀ bá jáde, jíìnì tó pé ṣì wà nínú aràn yẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Mo gùn ún títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìgùn kọ̀ọ̀kan ń dín ẹrù tó jìnnà sí jíìnì yín kù sí ìdajì, nítorí náà ìdá kan nínú 64 ló kù. Èyí tó bá fara mọ́ jíìnì náà tímọ́tímọ́ kò ní lọ. CRISPR, irinṣẹ́ tí a fi ń tún jíìnì kọ, ni kí ẹ fi dá ìyípadà kan náà sínú N2 mímọ́, kí ẹ fi wé e. Níbi ìgùn tó kẹ́yìn, ẹ tọ́jú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí kò gba ìyípadà rárá. Àwọn ni kí ẹ fi ṣe ìfiwéra, kì í ṣe N2 tó wà nínú àpótí láàbù.

Mo ka aràn tuntun náà pẹ̀lú àmì tí ẹlòmíràn kọ sórí àwo, tí èmi ò mọ èwo ni èwo. Gbogbo orí wọn ló ń tan pupa. Ẹ̀mí wọn ṣì gùn ju ti ọmọ ìyá wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Díẹ̀ yẹn, jíìnì náà ló ni ín, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí.