Okùn Dígí Tó Ń Wọn Ooru Inú Àká: Ẹ Má Fà Á Le

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń sá ọkà kó tó wọ àká, a ò ní tún un sọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló mú wa kọ ìwé yìí, a sì ń bá a ní àká dé àká: wọ́n á fa okùn dígí, èyí tí àwọn kan ń pè ní fáíbà, le koko bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ ni.

Okùn yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ooru àti fífà. Ẹ̀rọ ń rán ìmọ́lẹ̀ lésà sínú rẹ̀, ojúkò tí a fín sára dígí náà á sì dá díẹ̀ padà. Bí ibẹ̀ bá gbóná, ìmọ́lẹ̀ tó padà á yí díẹ̀. Bí ẹ bá fà á, á yí bákan náà. Kí okùn mítà 1 fi ohun tí kò tó ìdá kan nínú ìdá 100 mìlímítà 1 gùn sí i, ẹ̀rọ á ní ooru ti fi nǹkan bí 1°C lọ sókè. Èyí tó burú jù ni okùn tó le lónìí tó wá dẹ̀ lọ́la: á máa sọ pé ọkà ń tutù nígbà tí ọkà ń gbóná. Ọkà á sì bàjẹ́ lójú yín.

Ẹ ki okùn náà bọ inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́. Òkè nìkan ni kí ẹ ti dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní títú, kí àyè mìlímítà 5 ṣẹ́ kù níbẹ̀. Páìpù ni kó ru ẹrù ọkà, kì í ṣe dígí. Níbi tó bá ti máa yí, kí ìyípo náà má ṣe kéré ju sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú. Ẹ má kàn án ní ìṣó, ẹ má fi wáyà dì í. A ti sọ èyí títí.

Kí ọkà tó wọlé, ẹ fọ́ yìnyín sínú omi tó mọ́, ẹ rò ó, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10. 0°C ló gbọ́dọ̀ kà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ mi páìpù náà díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí, ó ṣì le. Ẹ tú u, ẹ tún un ṣe.

Ojúkò kan sí èkejì, mítà 1, nítorí ọkà kì í gbé ooru rìn kíákíá. Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa kà á lójoojúmọ́. Ojúkò tó bá fi 3°C lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí àwọn yòókù dúró, ẹ ṣí àká lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má fojú wo ẹnu okùn tó ṣí sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé rí, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ máa fi ìdérí rẹ̀ dé e.